Ráútà wà ní Mọ́níyà, ẹ̀yin wà ní Àpáta: ọ̀nà wo ló yẹ kí ẹ gbà wọlé sí i?

Láti Àpáta dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn, ẹ ó gba Dùgbẹ̀, Mókólá, Sángo àti Ọjọ́ọ̀ kọjá. Bí ọ̀nà bá dá, ó ṣeé lọ ṣeé bọ̀. Bí òjò bá wá rọ̀ tí ọkọ̀ kò rìn mọ́ ní Sángo, ààbọ̀ ọjọ́ ti lọ nìyẹn, nítorí pé ẹnì kan gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi ilé ìwé, tàbí pé suìṣì kan, ẹ̀rọ tó ń so àwọn ẹ̀rọ inú ilé pọ̀, ń fẹ́ kí a pa á kí a tún un tàn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Àwa tí à ń bójú tó nẹ́tíwọọ̀kì fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbowó mọ bó ṣe ń dunni tó láti sun epo nítorí irú nǹkan báyìí.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń wá ọ̀nà láti jókòó síbì kan, kí a sì wọ inú ráútà tó wà níbòmíràn. Ọ̀nà náà pọ̀. Òmíràn gba owó lọ́wọ́ ẹni, òmíràn gba oorun lójú ẹni. Márùn-ún ni mo fẹ́ fi wéra níbí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí mo dúró kí n tó bẹ̀rẹ̀: n kò fara mọ́ kí ẹnu-ọ̀nà tí à ń gbà ṣàkóso ráútà wà ní gbangba íntánẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kí iṣẹ́ náà kéré tó.

Ohun tí a ó fi yẹ̀ wọ́n wò

Ìbéèrè kìíní ló ń pinnu púpọ̀ nínú èyí tó kù: ṣé líìnì yín ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ọ̀pọ̀ SIM 4G tí à ń kì bọ ráútà kò ní in. Starlink ti ilé, tó dé Nàìjíríà ní 2023, kò ní in. Inú agboolé ni wọ́n kó yín sí. Agboolé náà ní orúkọ kan tí gbogbo ìlú mọ̀, ó sì ní ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tó wà nínú yàrá lè ránṣẹ́ síta, èsì á sì bá a nílé, torí pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà rí i nígbà tó ń ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dédé yọ láti ìta, tó ní Lágbájá ni òun ń wá, kò sẹ́ni tó mọ yàrá tí yóò júwe fún un. CGNAT ni wọ́n ń pe ètò yìí. Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì WAN, ti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ráútà yín: bó bá fi 10 bẹ̀rẹ̀, tàbí 192.168, tàbí tó bọ́ sí àárín 100.64 àti 100.127, inú agboolé lẹ wà, tàbí kí módẹ́ẹ̀mù mìíràn wà níwájú yín. Ìpín 100.64 yẹn, ní 2012 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí gan-an.

Èkejì: bí iná bá lọ tó sì dé padà, ṣé ọ̀nà náà á dìde fúnra rẹ̀, àbí ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ tẹ nǹkan? Ní ìlú tí a ti ń bọ́ láti orí iná ìjọba sórí ínfátà, láti orí ínfátà sórí jẹnẹrétọ̀, ìbéèrè yìí kò kéré.

Ẹ̀kẹta: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà, ṣé a sì lè gba ti ẹnì kan padà láìpààrọ̀ ti gbogbo èèyàn? Lẹ́yìn èyí ni owó àti dátà. Ẹ tún wádìí bóyá sísan rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí oṣooṣù, bóyá ní náírà tàbí ní dọ́là.

Ọ̀nà kìíní: ṣíṣí port sílẹ̀ lórí ráútà

Èyí ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ kọ́, torí pé ó rọrùn. Ẹ ó ṣí port, ìyẹn ẹnu-ọ̀nà tó ní nọ́ńbà: 8291 fún Winbox, app tí a fi ń ṣàkóso ráútà MikroTik, tàbí 22 fún SSH, tí a fi ń tẹ àṣẹ sí ẹ̀rọ láti òkèèrè. Ẹ ó sì fi orúkọ DDNS, tó ń tẹ̀lé àdírẹ́ẹ̀sì yín bó bá yí padà, pè é láti ibikíbi. Lórí MikroTik, ọ̀fẹ́ ni orúkọ náà, ó wà lábẹ́ IP, Cloud. Bí iná bá dé, ráútà á dìde, ẹnu-ọ̀nà á sì ti wà ní ṣíṣí. Bí ẹ bá wà nínú agboolé CGNAT, kò ní ṣiṣẹ́ rárá.

Ibi tó burú sí ni pé ẹni tó ṣí i fún ara rẹ̀ ti ṣí i fún gbogbo ayé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí SSH lórí ráútà oníbàárà kan ní Bódìjà, mo ní tó bá di ọjọ́ kejì n ó tì í. Nígbà tí mo wo log rẹ̀, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀, láàárọ̀, ìlà pupa ló kún un láti òkè délẹ̀: «login failure for user root», «login failure for user admin», «login failure for user ubnt», láti àwọn àdírẹ́ẹ̀sì tí n kò rí rí, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Kò sẹ́ni tó mọ oníbàárà yẹn níbi kankan, kò sẹ́ni tó ń bá a ṣọ̀tá. Ẹ̀rọ ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé káàkiri ayé, tó ń mi ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò bóyá wọ́n tì í.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Mirai, ètò aburú kan tó jáde ní 2016, ń ṣe. Páásíwọ́ọ̀dù tí kámẹ́rà àti ráútà bá wá láti ilé iṣẹ́, bíi ọgọ́ta irú rẹ̀, ló ń gbìyànjú látorí Telnet, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè, ó sì fi bẹ́ẹ̀ kó ẹ̀rọ jọ débi pé ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n fi dí ilé-iṣẹ́ Dyn, tó ń júwe àdírẹ́ẹ̀sì àwọn ìkànnì fún kọ̀ǹpútà, lọ́nà, tí Twitter àti Netflix kò fi ṣí fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ni kámẹ́rà wọ̀nyẹn kò mọ̀ pé ẹ̀rọ àwọn wà lójú ogun.

Bí ẹ bá ní páásíwọ́ọ̀dù tiyín gùn, ẹ rántí 2018. Àléébù kan wà nínú Winbox nígbà náà, tí wọ́n fún ní nọ́ńbà CVE-2018-14847, tó jẹ́ kí ẹni tí kò mọ páásíwọ́ọ̀dù rárá lè ka fáìlì tí orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. MikroTik ti tún un ṣe láti oṣù Kẹrin ọdún náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò sọ ráútà wọn di tuntun, wọ́n sì wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀daràn fi ń lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ráútà láti wa owó kírípítò. Páásíwọ́ọ̀dù gígùn kò gba ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó gba àwọn tó bọ́ ni pé wọ́n ti sọ ráútà wọn di tuntun, tàbí pé Winbox wọn kò ṣeé kàn láti ìta.

Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn fún yín rárá, ẹ wọ IP, Services, kí ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì yín nìkan sínú «Available From», kí ó má ṣe dá ẹlòmíràn lóhùn. Ẹ pa Telnet pátápátá: gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ níbẹ̀, títí kan páásíwọ́ọ̀dù, ìhòòhò ló ń rìn. Nítorí pé wọ́n ń jí páásíwọ́ọ̀dù lójú ọ̀nà báyẹn ni Tatu Ylönen ṣe kọ SSH ní Finland ní 1995.

Ọ̀nà kejì: TeamViewer tàbí AnyDesk lórí kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀

Jámánì ni àwọn méjèèjì ti wá, iṣẹ́ wọn sì dára: ẹ ó rí ojú kọ̀ǹpútà ilé ìwé náà bí ẹni pé ẹ jókòó síwájú rẹ̀, láti ibẹ̀ lẹ ó sì wọ ráútà. Kò kan CGNAT, torí pé kọ̀ǹpútà náà ló ń pe ìta. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Ọ̀gá ọ́fíìsì á pa á ní aago mẹ́rin kó má baà jẹ iná ínfátà, ẹ̀yin á sì wà níta. Àwòrán tó ń gbé bọ̀ wá tún ń jẹ dátà. Lílò ọ̀fẹ́ wọn, ti ara ẹni nìkan ni. Ẹni tó bá ń fi gba owó gbọ́dọ̀ san án. Mo máa ń lò ó láti ran akọ̀wé lọ́wọ́ nígbà tí ìwé kò bá jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. N kò fi ṣe ọ̀nà sí ráútà.

Ọ̀nà kẹta: ètò àkóso tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà gbé kalẹ̀

Omada ti TP-Link àti UniFi ti Ubiquiti ni ẹ máa rí jù. Àwọn ẹ̀rọ Wi-Fi inú ilé á máa jábọ̀ fún olùdarí kan, ẹ̀yin á sì wọ olùdarí náà láti orí fóònù. Ẹ ó rí iye àwọn tó wà lórí Wi-Fi, ẹni tó ń jẹ dátà jù, àti ẹ̀rọ tó kú ní àjà kẹta. Kò kan CGNAT. Bí iná bá dé, gbogbo rẹ̀ á padà wá fúnra rẹ̀. Fún òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ring Road tó ní ogún ẹ̀rọ Wi-Fi tí gbogbo wọn jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, n kò mọ ohun tó rọrùn ju èyí lọ.

Ohun méjì ló ń dùn mí nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn ọmọ bàbá kan náà nìkan ló mọ̀. Kámẹ́rà, suìṣì àtijọ́ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó jẹ́ ti ẹlòmíràn kò sí lójú rẹ̀. Èkejì ni ọ̀rọ̀ orúkọ ta ni a fi ṣí àkáǹtì. Wọ́n pè mí sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí ẹnjiníà wọn ti jápa. Ímeèlì tirẹ̀ ló fi ṣí àkáǹtì, fóònù rẹ̀ ní Nàìjíríà ni kóòdù ìwọlé ń lọ sí, nọ́ńbà náà kò sì lọ mọ́. Mo gun àkàbà láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, mo fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò reset ọ̀kọ̀ọ̀kan títí iná rẹ̀ fi ń ṣẹ́jú, mo sì tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn aláìsàn nísàlẹ̀ tó ń dúró de káàdì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ímeèlì oníbàárà ni kí ẹ fi ṣí i, kí ẹ wá fi ara yín kún un gẹ́gẹ́ bí alábòójútó.

Ọ̀nà kẹrin: WireGuard tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé kalẹ̀

Èyí ni mo fi ń jẹun. WireGuard ń la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kan láàárín láàpútọ́ọ̀pù yín àti ráútà. Gbogbo ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá, a ti dì í, kò sẹ́ni tó lè kà á lójú ọ̀nà. Ó ti wà nínú Linux láti ẹ̀dà 5.6 ti 2020, ó sì wà nínú RouterOS 7, ètò tó ń darí ráútà MikroTik. Ráútà tó bá ṣì wà lórí ẹ̀dà 6 kò ní in, ẹ ó kọ́kọ́ gbé e sókè.

Kò sí páásíwọ́ọ̀dù nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láé, èkejì tó lè fún ẹnikẹ́ni. Ráútà á mọ kọ́kọ́rọ́ gbangba láàpútọ́ọ̀pù yín, láàpútọ́ọ̀pù á mọ ti ráútà, ó parí. Ohun tó wù mí jù ni ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Bí àwọn tó ń mi ìlẹ̀kùn wò káàkiri ayé bá kan port rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ 51820, tí wọn kò sì ní kọ́kọ́rọ́, kò ní dá wọn lóhùn rárá. Wọn kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ilé wà níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ agboolé. Ìkan nínú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Bí ọ́fíìsì yín ní Dùgbẹ̀ bá ní static IP, àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà, ibẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe ojúkò, kí gbogbo ráútà tó wà ní Mọ́níyà, Akóbọ̀ àti Challenge máa pe ọ́fíìsì. Bí kò bá ní, ẹ yá server kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, VPS, kí gbogbo yín lọ pàdé níbẹ̀. Dọ́là ni wọ́n sábà máa ń gbà, oṣooṣù, owó rẹ̀ sì ń yí padà bí dọ́là bá ṣe ń yí. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó fún oníbàárà ogún. Ẹ fi owó rẹ̀ sínú ìwé owó tí ẹ ń fún wọn.

Ráútà tó wà nínú agboolé gbọ́dọ̀ máa kan sí ojúkò nígbà gbogbo kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà má baà gbàgbé rẹ̀. «Persistent keepalive» lẹ ó fi ṣe é, ìṣẹ́jú-àáyá 25 sì tó. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé yóò jẹ dátà SIM tán. Mo ṣírò rẹ̀: ìkíni kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 60 bí a bá ka àpòòwé mọ́ ọn, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé díẹ̀ ló sì máa ń lọ láàárín wákàtí 24. Kò tó 1MB lójúmọ́. Bí iná bá lọ tó dé, ráútà á tún kíni, ọ̀nà á sì là, láìsí ẹni tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Nọ́ńbà kan tó bá yẹ̀ nínú AllowedIPs, ibi tí ẹ ti ń kọ àwọn àdírẹ́ẹ̀sì tó lè gba ọ̀nà náà, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Èkejì, ẹ̀rọ ni kọ́kọ́rọ́ mọ̀, kò mọ èèyàn. Bí wọ́n bá já láàpútọ́ọ̀pù gbà lọ́wọ́ yín nínú mọ́tò ní Ìwó Road, ẹni tó bá ṣí i ti wọlé. Kí ẹ tó délé ni kí ẹ ti yọ kọ́kọ́rọ́ yẹn kúrò lórí ojúkò, ẹyọ ìlà kan ni, kò sì kan àwọn tó kù.

Ọ̀nà karùn-ún: Tailscale àti ZeroTier

Àwọn wọ̀nyí bá wa yanjú ọ̀rọ̀ agboolé. Tailscale, tó ń lo WireGuard nísàlẹ̀, ní alárinà kan tó ń bá ẹ̀rọ méjì tó wà nínú agboolé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣètò bí wọn yóò ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá rí ara wọn tààrà, á bá wọn gbé e kọjá, ṣùgbọ́n kò lè kà á, torí pé kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kò kúrò lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ kò nílò static IP, ẹ kò nílò VPS. Ẹ fi sórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, kí ẹ ní kó ṣe subnet router, ìyẹn ìlẹ̀kùn sí àwọn ẹ̀rọ tó kù: gbogbo ohun tó wà nínú ilé náà, kámẹ́rà àti suìṣì pẹ̀lú, ti ṣeé dé. Tí ráútà MikroTik yín bá ń lo ṣíìpù ARM, ZeroTier lè wà nínú RouterOS 7 fúnra rẹ̀, ẹ kò nílò Pi.

Tailscale ní ìpele ọ̀fẹ́ tó tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ ṣá o pé àkáǹtì Google tàbí Microsoft yín ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá gba ímeèlì yín ti gba ráútà gbogbo oníbàárà yín. Ẹ tan ìjẹ́rìísí ìpele méjì, kó jẹ́ ti app, kó má jẹ́ ti SMS. Ẹni tí alárinà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé Headscale, tó ń ṣe iṣẹ́ alárinà náà, kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti padà sídìí VPS nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé

Ọ̀nà kan ṣoṣo kò tó. Ní ilé ìwé kan tí mo bá ṣiṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló ń lo «admin» kan náà. Nígbà tí ẹnì kan kúrò níbẹ̀ tòun ti ìbínú, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá òun ló ń tún àkókò ìdánwò yí padà, torí orúkọ kan náà ló wà lára gbogbo ìlà log. Orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kódà bí ẹ bá jẹ́ méjì péré. Bí ẹ̀rọ bá ti kọjá mẹ́wàá, ẹ gbé RADIUS kalẹ̀ kí orúkọ wà lójú kan: ẹ pa orúkọ kan níbẹ̀, ó ti kú lórí gbogbo ráútà. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ Cisco lè mú TACACS+, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tó sì ń di gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ tó ń rán, nígbà tí RADIUS ń fi páásíwọ́ọ̀dù nìkan pamọ́. Nínú ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ni kí ẹ máa gbé méjèèjì gbà.

Ẹni tó sì máa tì yín síta jù ni ẹ̀yin fúnra yín. Láti Àpáta ni mo ti kọ òfin firewall, odi tó ń yan ohun tó lè wọlé, kan sórí ráútà kan ní Mọ́níyà, òfin tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ bọ́ sókè, ojú Winbox dúró gbagidi. Wọ́n ń san owó ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn. Mo débẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì. Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ kan firewall kí n má kọ́kọ́ tẹ Safe Mode. Nínú terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, Ctrl+X ni, ẹ ó rí «<SAFE>» tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín. Bí ẹ bá wá gé ẹ̀ka tí ẹ jókòó lé, ráútà á dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, á rí i pé ẹ kò sí níbẹ̀ mọ́, á sì da gbogbo ohun tí ẹ ṣe padà. Bó bá dára, ẹ tún tẹ Ctrl+X kó lè dúró. Lórí Cisco, «reload in 10» ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, ẹ má tíì fi ìyípadà náà pamọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, «reload cancel».

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ní ilé kan tàbí ṣọ́ọ̀bù kan, tó ń lo SIM tàbí Starlink, tí kò sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì: Tailscale. Ìrọ̀lẹ́ kan ló máa gbà yín.

Òtẹ́ẹ̀lì, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ìjọ tí Wi-Fi jẹ́ gbogbo ìṣòro rẹ̀, tí wọn kò sì tíì ra ẹ̀rọ: ẹ ra ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ lo Omada tàbí UniFi, lórí ímeèlì oníbàárà.

Ẹnjiníà tó ní oníbàárà márùn-ún sókè káàkiri Ìbàdàn: WireGuard lórí VPS, pẹ̀lú RADIUS. Ọ̀sẹ̀ kan ló máa gbà yín láti mọ̀ ọ́n dáadáa, lẹ́yìn náà, oníbàárà tuntun kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Ilé ìwòsàn àti ilé ìwé tó ní àkọsílẹ̀ aláìsàn tàbí akẹ́kọ̀ọ́ lórí server inú ilé: WireGuard náà ni, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tiyín ni kó jẹ́ ojúkò, pẹ̀lú static IP tí ẹ san owó rẹ̀. Ẹ fi SIM kejì sínú ráútà tí ó lè gbà á, láti ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí ọ̀nà mìíràn wà nígbà tí wọ́n bá gé fiber níbi tí wọ́n ti ń la ojú títì. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ti fi àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn sí ọrùn yín.

Ẹni tó sì ti ṣí 8291 sílẹ̀ lórí ráútà kan níbi kan, tó ń ka èyí lórí fóònù nínú mọ́tò: ẹ wọlé láti orí fóònù yẹn gan-an, ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì sínú «Available From», kí ẹ tó yan èyíkéyìí nínú àwọn tó kù.